Olórí Ẹgbẹ́ Nígbà Tí Ara Bá Gbóná

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀, a bi wọ́n pé ṣé àwọn ọ̀mọ̀wé ti tán láàárín wa ni? Ìwé mẹ́fà péré ni a kà, inú ọjà ni a ti ka ìyókù. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń wá gan-an nìyẹn, pé ẹni tó ti ń pàtẹ ní Kánò láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún yóò ti rí oríṣiríṣi olórí, yóò sì ti rí bí ẹgbẹ́ ṣe ń gbó àti bí ẹgbẹ́ ṣe ń tú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wa ni bí olórí ṣe lè mú ẹgbẹ́ dúró nígbà tí ojú bá ń kán gbogbo ènìyàn, tí ara sì ń gbóná.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Gbogbo wa la mọ ìdí tí wọ́n fi yan ọ̀rọ̀ yìí. Gbọ̀ngàn tí a ń kówó jọ fún lónìí ti dá gbúngbùngbún sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn àgbà ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Àwọn àgbà ní àwọn ọ̀dọ́ ń sáré lọ sínú kòtò. Àwọn kan wà tí wọn kò yọjú sí ìpàdé fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹgbẹ́ bá tú, búlọ́ọ̀kù tí a ti kó jọ kò lè dá ara rẹ̀ mọ. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ sọ kì í ṣe àlọ́ ìdárayá.

Ẹ wo onígángan tó jókòó lọ́hùn-ún yẹn. Okùn awọ tó yí ìlù rẹ̀ ká ló fi ń mú un sọ̀rọ̀. Bó bá fún un mọ́ abíyá, ohùn a lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Bí kò bá fún un rárá, kò sí ohun tí ìlù náà lè sọ tí yóò yé ẹnikẹ́ni. Bó bá sì fún un tí kò dẹ̀ ẹ́ mọ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ rí. Ẹgbẹ́ tí ojú kò kán rárá yóò di ẹgbẹ́ a-jẹ-a-mu-a-túká. Ẹgbẹ́ tí ojú ń kán láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, yóò ya. Iṣẹ́ olórí ni láti mọ ìgbà tí yóò fún okùn àti ìgbà tí yóò dẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìtàn ilé wa. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì parí pátápátá títí di 1893. Ọmọ Yorùbá ló bá ọmọ Yorùbá jà. A kò mẹ́nu bà á láti ru ìjà àtijọ́ sókè, nítorí ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Èkìtì ló jókòó sórí ìjókòó kan náà níbí lónìí. A mẹ́nu bà á nítorí ẹ̀kọ́ olórí méjì ló wà nínú rẹ̀.

Ní ti Ìbàdàn, Ààrẹ Látòósà ni olórí. Akíkanjú ni, kò sí ẹni tó lè jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n okùn tó ń fún, kò mọ̀ ọ́n dẹ̀. Ẹni tó bá ní kí a rọra lọ́dọ̀ rẹ̀ di ọ̀tá. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, oníṣòwò ńlá bí àwọn ìyá wa tó wà níbí, bá a ṣe aáwọ̀. Wọ́n yọ ọ́ lóyè ní 1874, wọ́n sì pa á ní ọdún kan náà. Nígbà tí àwọn olóyè yòókù rí ohun tó dé bá ẹni tó lówó tó sì ní ọmọ ogun tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tún dìde nínú ìgbìmọ̀ láti sọ òtítọ́? Ó ṣẹlẹ̀ pé Ìbàdàn ń bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, ó ń bá Ìlọrin jà, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú di ọ̀tá rẹ̀, Ifẹ̀ náà sì kọjú ìjà sí i. Inú àgọ́ ogun ni Ààrẹ kú sí ní 1885, ogun náà kò sì tíì parí.

Ní ti Èkìtìparapọ̀, ọ̀dọ́ kan ló dá iná náà. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878 nítorí ìwà ìnilára, Èkìtì sì dìde. Òun ló kọ́kọ́ ṣíwájú ogun. Nígbà tí ogun náà wúwo, wọ́n ránṣẹ́ sí Ògèdèngbé ará Iléṣà, jagunjagun tó ti mọ ọgbọ́n ogun Ìbàdàn tipẹ́. Ògèdèngbé kò tètè dá wọn lóhùn; àgbà kì í fi ìwàǹwára lá ọbẹ̀ gbígbóná. Nígbà tó dé, Fábùnmi fi ipò olórí sílẹ̀ fún un. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀dọ́ tó dá iná kò kó ọmọ ogun rẹ̀ lọ sílé pé wọ́n gba ipò lọ́wọ́ òun. Ó dúró sábẹ́ àgbà, ó ń jà lọ. Àgbà náà kò sì lé e. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Èkìtìparapọ̀, ọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni wọ́n, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà, Àkókó, síbẹ̀ wọ́n pẹ́ ní àgọ́ kan náà láìtú.

Ohun kan tún wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ kan wà ní Èkó nígbà náà. Ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé Èkó ni wọ́n, oníṣòwò ni púpọ̀ wọn, àwọn mìíràn sì jẹ́ Sàró tó padà dé. Wọ́n jẹ́ àlejò ní Èkó bí àwa náà ṣe jẹ́ àlejò níbí. Wọ́n dáwó, wọ́n sì ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ìró ìbọn náà ni wọ́n ní ó sọ ogun náà ní Kírìjì. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní ìdálẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré nígbà tó bá wà ní ìṣọ̀kan.

Nígbà tí àlàáfíà sì máa dé, àlùfáà méjì ni Gómìnà Èkó rán lọ sí àgọ́ méjèèjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n gbọ́ tẹnu tọ̀túntòsì. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní 1886, wọ́n sì tú àgọ́ Kírìjì ká ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ọ̀ràn Ọ̀fà ṣì wà nílẹ̀. Ìyẹn di 1893. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò lè parí lọ́jọ́ kan, kí ẹyọ kan má parí. Èyí tó lè parí lónìí, wọ́n parí rẹ̀.

Ó tó báyìí ní ti ìtàn. Ẹ jẹ́ kí a padà sínú ọjà tí a mọ̀.

Bí lọ́rì ẹrù bá dé ní ìrọ̀lẹ́ tí òjò sì ṣú, ẹ mọ bí ọjà ṣe máa ń rí. Oníkálùkù á máa pariwo pé tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀. A mọ ọ̀gá alábàárù kan tí kì í pariwo ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kó ní kí wọ́n fi tapólì bo orí lọ́rì. Lẹ́yìn náà yóò béèrè pé kí ló wà nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan. Bélì aṣọ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀, nítorí omi ń ba aṣọ jẹ́. Abọ́ rọ́bà àti kóòkò yóò dúró, òjò kò lè rí wọn ṣe. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì bá fẹ́ jà, kò ní dúró dá ẹjọ́ nínú òjò. Yóò rán ọ̀kan sókè lọ́rì, yóò rán èkejì sínú ṣọ́ọ̀bù, yóò ní a ó gbọ́ ẹjọ́ yín bí ẹrù bá tán. Bí ẹrù bá sì tán, yóò gbọ́ ẹjọ́ náà lóòótọ́, kò ní díbọ́n pé òun ti gbàgbé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò ra ṣáì àti búrẹ́dì fún gbogbo wọn. Ọkùnrin yìí kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n a kò tíì rí olórí tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ.

Ẹ tún rántí ìgbà tí a pààrọ̀ owó náírà. Wọ́n ní 31 oṣù kìíní 2023 ni owó àtijọ́ yóò kú, wọ́n tún sún un sí 10 oṣù kejì. Ara ọjà gbóná. Ìyá alájọ kan wà láàárín wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí kò fẹ́ ìyìn. Ariwo ti sọ pé owó àjọ ti bà jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ló pe gbogbo ọmọ àjọ, ó ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó ka orúkọ àti iye owó oníkálùkù, ó sì kó owó náà jáde kí gbogbo ojú rí i. Ó ní kí oníkálùkù gba tirẹ̀ lọ sí báńkì, kí àjọ dúró títí owó yóò fi wà lóde. Kò sí ẹni tó sọ̀kò sí ilé rẹ̀. Ní 3 oṣù kẹta ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní owó àtijọ́ yóò ṣì máa jẹ́ títí di ìparí 2023. Àwọn tí ìbẹ̀rù ti mú kí wọ́n ta owó àtijọ́ wọn ní ẹ̀dínwó wá ń jẹ ìka àbámọ̀. Ohun tó mú àjọ ìyá yìí dúró kì í ṣe agbára. Òtítọ́ ni, tó sì tètè sọ ọ́.

Nínú gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ yìí, ẹ̀kọ́ mẹ́fà la rí fún àwọn tó ń ṣíwájú wa.

Èkíní, kí olórí ya ìkánjú gidi sọ́tọ̀ kúrò lára ìkánjú ẹnu. Nígbà tí iná jó ọjà Sabon Gari ní 2016, tó run ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó lè ní kí a kọ́kọ́ pe ìpàdé. Iná kì í dúró de àkọ̀wé. Ìkánjú gidi nìyẹn. Nínú ọ̀ràn gbọ̀ngàn wa, ilẹ̀ tí ìjọba fún ènìyàn a máa ní àkókò tí a gbọ́dọ̀ fi kọ́lé sórí rẹ̀. Bí a kò bá kọ́ ọ, wọ́n lè gbà á padà. Èyí jẹ́ ìkánjú gidi. Òjò náà jẹ́ ìkánjú gidi, nítorí ògiri tí kò ní òrùlé kò lè gba òjò ọdún méjì. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí a ó kọ sára ògiri, ọ̀dà tí a ó kùn, ẹni tí yóò gé ríbọ́nù, rọ́bà lèyí, òjò kò lè rí wọn ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró. Bí a bá wo ìjà tí a ti jà dáadáa, a ó rí i pé orí rọ́bà la ti ja púpọ̀ jù nínú rẹ̀, tí bélì aṣọ sì wà nínú òjò.

Èkejì, kí olórí máa sọ iye owó tó wà nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Kí akápò máa ka ìwé owó ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù. Ibi tí a kò bá ti sọ òtítọ́ ni àhesọ ti ń bímọ. Ẹni tí kò mọ iye owó ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè fara balẹ̀, ẹ kò sì lè bá a wí pé ó ń fura.

Ẹ̀kẹta, kí a fi ènìyàn sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ dúró ti bíríkìlà àti káfíńtà, nítorí ẹsẹ̀ wọn yá. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ àti sí ààfin, nítorí ojú wọn la mọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá wa di owó mú, nítorí gbogbo wa la mọ ẹni tó ń di owó mú ní ilé wa. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ráyè dá ẹgbẹ́ kejì sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ìjà wá sínú yàrá ìpàdé. Kí olórí jẹ́ kí ẹni tí kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ó má sì mú un ní ọ̀tá lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá pa á lẹ́nu mọ́ nínú ìpàdé, yóò sọ ọ́ ní ilé ọtí, yóò sọ ọ́ ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí àti ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlú onílùú la wà. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ojú irin dé Kánò ní 1911, tí àwọn bàbá wa akọ̀wé, káfíńtà àti oníṣòwò bá a dé. Ohun tó mú wọn pẹ́ níbí ni pé wọ́n mọ ìgbà tí à ń yanjú ọ̀rọ̀ nínú ilé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí olórí kápá ahọ́n ara rẹ̀. Bí ara olórí bá gbóná, ti ọmọ ẹ̀yìn á jó. Ọ̀rọ̀ tí a sọ nínú ìbínú dà bí ẹyin, bó bá bọ́ kò ṣé kó. Kí ó fi alẹ́ kan sí àárín ìbínú àti ìdáhùn. Àgbà tó bú ọmọdé níwájú ìpàdé ti pàdánù òṣìṣẹ́ kan, ọmọdé tó bú àgbà sì ti pàdánù ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀kẹfà, kí olórí mọ ìgbà tí yóò dẹ okùn. Bí a bá parí ìpìlẹ̀, kí a pe ara wa jọ, kí a dúpẹ́, kí a jẹun díẹ̀, kí a dárúkọ àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ní gbangba. Bí a bá kan òrùlé, kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ń lò tí a kò kí á rẹ̀wẹ̀sì, bó ti wù kó fẹ́ràn ẹgbẹ́ tó.

Àwọn kan lè sọ pé olórí tó bá ń gbọ́ tẹnu gbogbo ènìyàn báyìí ọ̀lẹ ni, kò ní lè ṣe ìpinnu. Èsì wa ni pé gbígbọ́ ní òpin. Ọ̀gá alábàárù wa béèrè ohun tó wà nínú ẹrù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn ó pàṣẹ, wọ́n sì gbé e. Kí olórí gbọ́ tán, kí ó dá ọjọ́, kí ó sọ ohun tí a ó ṣe àti ẹni tí yóò ṣe é. Bó bá ti sọ ọ́, kí gbogbo wa fi èjìká tì í, títí kan ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò borí. Ohun tí Fábùnmi ṣe nìyẹn. A kò rí ẹni tó pè é ní ọ̀lẹ títí di òní. Ère rẹ̀ la gbé kalẹ̀ nínú ìtàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìkánjú yín wúlò. Láìsí yín, ìpàdé nìkan la ó máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin àgbà wa, ìfarabalẹ̀ yín wúlò. Láìsí yín, òrùlé ì bá ti wà lórí ògiri tí kò ní ìpìlẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, ìjókòó yín wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jókòó lé e. Ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá. Ọ̀rọ̀ yín la ó kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ̀yin olówó wa àti ẹ̀yin tí owó yín kò pọ̀, bí wọ́n bá pe orúkọ yín lónìí, ẹ má wo ohun tí ẹnìkejì mú wá. Ẹni tó lè ra páànù, kó ra páànù. Ẹni tó lè ra àpò sìmẹ́ńtì kan, kó rà á. Ẹni tí kò lówó, kó wá gbé omi fún bíríkìlà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣèlérí ohun tí ẹ kò ní san, nítorí orí ìlérí yẹn ni ìgbìmọ̀ yóò ka owó káfíńtà lé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a kọ́lé tán kí a má rí ẹni gbé inú rẹ̀. Kí ó fún àwọn olórí wa ní ọgbọ́n àti sùúrù. Kí ó bù kún àwọn onílé tó gbà wá, kí àlàáfíà jọba ní ìlú yìí àti ní ilé tí a ti wá. Gbọ̀ngàn yìí yóò dìde, ojú gbogbo wa ni a ó fi ṣí i. Àṣẹ.